Nígbà tí ilé iṣẹ́ ń gbá bọ́ọ̀lù

Ẹ fà mọ́ra, ẹ jókòó dáadáa. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀.

Gbogbo wa la mọ àwòrán Rashidi Yekini tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n Bulgaria, tó ń pariwo, tó ń sunkún. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, ní Dallas, l'Amẹ́ríkà. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé ní World Cup nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ni ibi tó ti ń bọ̀. UNTL, ilé iṣẹ́ tó ń hun aṣọ ní Kaduna, wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé iṣẹ́ aṣọ. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí Shooting Stars n'Ìbàdàn, láti Ìbàdàn ó bọ́ sí Abiola Babes l'Abẹ́òkúta, kó tó sọdá sí Abidjan, kó tó di pé àwọn ará Setúbal ní Portugal sọ ọ́ di àyànfẹ́ wọn.

Ẹ tún orúkọ yẹn wò. Ilé iṣẹ́ aṣọ. Ẹgbẹ́ Ìbàdàn tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ìjọba ló bí i. Ẹgbẹ́ olówó kan. Kò sí èyí tó jẹ́ kíláàbù bí a ṣe ń pe kíláàbù lónìí. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù náà, ọ́fíìsì kan máa ń wà níbẹ̀, tàbí ẹ̀rọ kan, tàbí àpò ẹnì kan.

Bọ́ọ̀lù yẹn ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn òṣìṣẹ́. Ó ti kú. Ó sì kú láìsí ẹni tó ṣe òkú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Ní 1945, nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba, wọ́n dá ìdíje kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Governor's Cup. Òun ló di Challenge Cup lẹ́yìn náà. Ta ló kọ́kọ́ gbà á? Marine. Kì í ṣe orúkọ àdúgbò o, kì í ṣe orúkọ ìlú. Ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀ ojú omi ni. Àwọn Railway ló tẹ̀ lé e, ní 1946, wọ́n sì gbà á títí ó fi di ìgbà 7, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti 1964. Àwọn oníná, ECN, àwọn tí orúkọ wọn padà di NEPA, gbà á ní 1960, 1965 àti 1970. Ọlọ́pàá náà gbà á ní 1962.

Ẹ fojú inú wò ó: NEPA gba ife. Èmi tí mo dàgbà nínú òkùnkùn Ajue, tí mo bá ń sọ èyí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí.

Ibi tí wọ́n ti ń gbá a ni pápá Onikan, tí orúkọ rẹ̀ nígbà náà ń jẹ́ King George V Stadium. Ẹ̀ ń pè é ní Mobolaji Johnson Arena báyìí. Láàárọ̀, ẹni tó máa gbá nọ́ńbà 9 wà ní ibi iṣẹ́, ó ń tẹ̀wé, ó ń tún ẹ̀ńjìnnì ṣe, ó ń kọ nọ́ńbà ẹrù sínú ìwé ńlá. Tó bá di ọ̀sán, ọ̀gá á ní kó máa lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni pápá. Ọ̀la, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ọ́fíìsì á máa kí i, bí wọ́n bá sì nà wọ́n, gbogbo ọ́fíìsì á máa bú u.

Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ ni, pé wọn kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni. Lórí ìwé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n fi ń sanwó náà. Tí o bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, ilé iṣẹ́ á wá ọ rí, wọ́n á fún ọ ní àga àti tábìlì, owó oṣù rẹ á máa wọlé bíi ti òṣìṣẹ́ yòókù. Bóyá o jókòó lórí àga náà tàbí o ò jókòó, ìyẹn di ọ̀rọ̀ ìwọ àti ọ̀gá rẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ìjà ńlá níbi tí òyìnbó fúnra wọn ti ń ṣeré. Ní England, eré rugby, èyí tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ sá, pín sí méjì ní 1895 nítorí rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ìhà àríwá, tí òṣìṣẹ́ kùsà àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ pọ̀ nínú wọn, ní kí wọ́n jẹ́ káwọn san owó iṣẹ́ tí èèyàn pàdánù nítorí eré fún un. Àwọn ọlọ́lá ìhà gúúsù ní ó tì, eré ọmọlúàbí kì í gbowó. Àwọn ará àríwá pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Huddersfield, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn tó kù, tí eré tiwọn ń jẹ́ rugby union, kò gbà kí agbábọ́ọ̀lù gba kọ́bọ̀ ní gbangba títí di 1995. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko!

Èkó ò ja irú ìjà bẹ́ẹ̀. Èkó kàn fún ọ níṣẹ́, ó pa ẹnu mọ́.

Ẹ wo Teslim Balogun, tí wọ́n ń pè ní Thunder, ẹni tí pápá ńlá Surulere ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó gbá fún UAC. Ó gbá fún Railway. Ó gbá fún Pan Bank, ó sì bá wọn gba ife ní 1952. Ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ ojú irin, báńkì. Ó wà lára àwọn 18 tó wọkọ̀ ojú omi lọ England ní 1949, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà, tí àwọn òyìnbó ń wo ẹsẹ̀ wọn bí ẹni ń wo idán. Eré àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá lọ́hùn-ún, wọ́n na Marine Crosby 5-2. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn o. Ẹni tó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́ ló lọ.

Lẹ́yìn náà ni Stationery Stores dé.

Tí ẹ bá ní bàbá àgbà l'Ékòó, ẹ pe orúkọ yìí létí i rẹ̀ kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Israel Adebajo ló ni í. Ìwé, bírò àti ohun èlò ọ́fíìsì ló ń tà. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó fún wọn níṣẹ́, ó fún wọn ní bàtà. Wọ́n gba Challenge Cup ní 1967, wọ́n tún gbà á ní 1968. Nígbà tí Nàìjíríà kó ẹgbẹ́ lọ sí Olympics ní Mexico ní 1968, ọmọ Stores ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn náà ni wọ́n gbá 3-3 pẹ̀lú Brazil.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí 1967 yẹn, nítorí ọmọ Odigbo ni mí. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé Ore. Ore tiwa yìí, níbi tí ẹ̀yin ará Benin ti ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ iyán. Àwọn àgbà Ajue ṣì ń fi ogun yẹn ka ọjọ́ orí ọmọ: "ọdún tí ìbọn dún n'Ore ni wọ́n bí i." Ọdún kan náà ni Stores gba ife. Ogun ń bọ̀ lójú ọ̀nà Èkó, àwọn èèyàn ṣì ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. N kò bá wọn wí. Èèyàn ní láti rí nǹkan wò.

Adebajo kú ní 1969. Ẹgbẹ́ náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó tún gba ife ní 1982, ó tiẹ̀ gba líìgì ní 1992. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹgbẹ́ tó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹnì kan. A máa padà síbẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ n mú yín dé ilé wa.

Bàbá mi àgbà, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá tó bí mi, kúrò l'Ajue ní 1973. Ó ti ṣe Modern School tán, kò sí owó láti tẹ̀síwájú. Ó rìn dé Ore, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, mọ̀lẹ́bí kan sì mú un dé ilé iṣẹ́ kan ní Apapa. Ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ bi í ní ìbéèrè méjì. Ìwé mélòó lo kà? Ṣé o mọ bọ́ọ̀lù gbá? Bàbá ní ìdáhùn kejì ló fún òun níṣẹ́.

Akọ̀wé ilé ìkẹ́rù ni wọ́n fi í ṣe. Àpò mélòó ló wọlé, àpò mélòó ló jáde, kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, ọkọ̀ akẹ́rù ilé iṣẹ́ á kó wọn lọ pápá. Wọn kì í ṣe Stores o, wọn kì í ṣe Railway. Líìgì kékeré l'Ékòó ni wọ́n wà, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ń bá ara wọn gbá: oníbíà, oníṣọ́ọ̀bù, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọn báńkì. Ẹni tó ń wòran lè má ju igba lọ, ìdajì wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá ní dandan kí wọ́n wá. Tí wọ́n bá gbá tán, búrẹ́dì àti sàdíìnì. Tí wọ́n bá borí, wọ́n á fi mínírà kan kún un. Bàbá ṣì ń sọ̀rọ̀ sàdíìnì yẹn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹran àgbò.

Lẹ́fútì ló ń gbá. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ lórí pápá kò ní í tẹnu mi jáde, àwọn ọmọ ìyá mi wà lórí app yìí.

Ní ọdún kẹfà, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ẹnì kan gbá a ní ìgbákúgbà, ẹsẹ̀ sì lọ. Ó lo oṣù méjì nílé. Nígbà tó padà, kò lè sáré mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀: ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń kọ iye àpò. Wọn kò lé e. Akọ̀wé ni, ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ, akọ̀wé ló wà níbẹ̀. Ó tún lo ọdún 6 sí i. Láàrin ọdún 6 yẹn ló fẹ́ ìyàwó, ó kọ́ yàrá mẹ́ta s'Ajue, ó rán bàbá mi níwèé. Tí orúnkún yẹn bá lé e síta, bóyá ẹni tó ń kọ nǹkan yìí kò ní mọ ìwé kọ.

Mi ò fẹ́ ká máa tan ara wa ṣá o. Ètò yẹn ní ìwà ìbàjẹ́ tirẹ̀. Bí ọ̀gá bá fẹ́ràn rẹ, o ti dé. Bí ọ̀gá tuntun bá dé tó jẹ́ pé tẹníìsì ló fẹ́ràn, ó parí. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ dáadáa á máa wo akọ̀wé tó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó ń gba ìgbéga níwájú òun. Ìyá mi sì ní kí n bi yín: kí ni wọ́n fún àwọn obìnrin? Ọsàn ni wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà pápá. Ìbéèrè rẹ̀ ba mi lọ́kàn jẹ́, mi ò sì ní èsì.

Ẹ padà sí ìtàn ńlá. Ní 1972, wọ́n dá líìgì orílẹ̀-èdè sílẹ̀, Mighty Jets ti Jos ló gba èyí àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni ojú gbogbo èèyàn ti kúrò lára líìgì àwọn òṣìṣẹ́ l'Ékòó. Ẹgbẹ́ ńlá nìkan ni rédíò ń pè. Ẹgbẹ́ Ìbàdàn tí a mọ̀ sí Shooting Stars, WNDC ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tó ń mójú tó ìdàgbàsókè. Nígbà tó yá, ó di IICC. Kí ni IICC? Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó! Àwọn ayánilówó yìí ló gba ife Áfíríkà ní 1976, kíláàbù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn, ẹ lè pàtẹ́wọ́.

Àwọn ọdún 1980 ni àwọn olówó wọlé tagbáratagbára. Leventis, àwọn oníṣòwò tí òyìnbó Gíríìkì dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀, gbé ẹgbẹ́ kan kalẹ̀ n'Ìbàdàn, Leventis United. M.K.O. Abiola gbé tirẹ̀ kalẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Láti 1984 dé 1987, àwọn méjèèjì yìí ló pín Challenge Cup láàrin ara wọn: Leventis ní 1984, Abiola Babes ní 1985, Leventis ní 1986, Abiola Babes ní 1987. Ẹ kà á, ọdún mẹ́rin, ilé méjì, méjèèjì nílẹ̀ Yorùbá. Leventis dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1985, Al Ahly ti Íjíbítì ló dá wọn dúró. Wọ́n gba líìgì Nàìjíríà ní 1986, pẹ̀lú ife lọ́dún kan náà.

Ní 1987, Leventis tú ẹgbẹ́ náà ká.

Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n gba gbogbo nǹkan tán. Bí ẹni ń pa tẹlifíṣọ̀n. Abiola Babes náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tí gbogbo Áfíríkà ń pè ní òpó eré ìdárayá yọ òpó náà, ilé sì wó. N kò sọ pé ó ṣẹ̀. Owó rẹ̀ ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí òpó kejì níbẹ̀.

Ọdún 1986 yẹn kan náà ni SAP dé. Àwọn tó gbọ́n jù mí lọ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí tí Bàbá sọ lọ: náírà já, ohun èlò tí ilé iṣẹ́ ń rà lókè òkun gbówó lórí, àwọn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìnáwó. Kí ni èèyàn kọ́kọ́ ń gé? Bọ́ọ̀lù. Ní ilé iṣẹ́ tiwọn, wọ́n kọ́kọ́ gba ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ pápá. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ sinmi fún sáà kan. Sáà yẹn ò parí títí di òní. Kò ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀wé. Bàbá di ẹrù rẹ̀, ó padà s'Ajue, ó gba oko kòkó bàbá rẹ̀. Owó tí wọ́n fi sìn ín sílé, ó fi ra ẹ̀rọ ìfọ́nkòkó kan, ó tán.

Ní 1990, wọ́n kéde pé líìgì Nàìjíríà ti di ti iṣẹ́ gidi, pírófẹ́ṣọ́nà. Iwuanyanwu Nationale ti Owerri ló gba èyí àkọ́kọ́, orúkọ ẹni tó ni í ló ń jẹ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Imo gbà á, ó di Heartland. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ nìyẹn. Ilé iṣẹ́ jáde, olówó jáde, gómìnà wọlé. Sunshine Stars tiwa l'Ákúrẹ́, ti ìjọba ni. Tí gómìnà bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ẹ gbádùn. Tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀, ẹ máa gbàdúrà. Ìwé ìròyìn kún fún ìtàn agbábọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ kan tàbí òmíràn tó ń retí owó oṣù.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ kọ "Remo Stars" sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Òótọ́ ni. Ẹgbẹ́ Ikẹnnẹ, ti Kunle Soname, gba líìgì ní 2025, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Pápá wọn wà, ilé ìkọ́ni wọn wà. Mo ń fẹ́ kó pẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìtàn Leventis, ẹ jẹ́ n máa fẹ́ kó pẹ́ pẹ̀lú ìbẹ̀rù.

Kí ló dé tí mò ń sọ gbogbo èyí lóṣù yìí? Ọmọ ọmọ Bàbá ni. Ọmọ ọdún 17 ni, Ore ló ń gbé, ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Ọmọ yìí lè sáré. Lẹ́fútì ló ń gbá bíi bàbá àgbà rẹ̀. Ọkùnrin kan rí fídíò rẹ̀, ó kọ̀wé sí i lórí WhatsApp, ó ní òun jẹ́ ẹ̀jẹ́ǹtì, òun ní kíláàbù kan fún un ní orílẹ̀-èdè kan tó jìnnà. Kí wọ́n san ₦450,000 fún fọ́ọ̀mù, àyẹ̀wò ara àti lẹ́tà ìpè. Ìyá ọmọ náà ti san ₦150,000 kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́.

Wọ́n pe ìpàdé sí pálọ̀ Bàbá lọ́jọ́ Ìsinmi. Wọ́n pe ẹ̀jẹ́ǹtì náà sórí fóònù, wọ́n gbé e sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀. Euro, kọ́ńtíráàtì, físà. Bàbá kò sọ nǹkan kan, ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà mí díẹ̀, Bàbá ní:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fún ọmọ yìí?"

"Bàbá, bọ́ọ̀lù náà ni iṣẹ́."

"Mo gbọ́ ìyẹn. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́ ńkọ́, orí àga wo ló máa jókòó sí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà ní pálọ̀ náà rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́, wọ́n rò pé àgbàlagbà ń ṣàwàdà. Ó ní ayé ti yí padà, Bàbá, ayé ìsinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá ní kí wọ́n pa fóònù náà.

Ó wọ yàrá lọ, ó mú fọ́tò kan jáde, dúdú àti funfun. Ọkùnrin 14 pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan, òyìnbó kan tó wọ táì ní àárín. Ó ń fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọmọ náà. Kò sọ pé "èyí ni nọ́ńbà 9 wa, èyí ni gólì." Ohun tó ń sọ ni: "Èyí, dírẹ́bà. Èyí, wọ́n fi í sí ibi tí wọ́n ti ń sanwó oṣù, òun ló ń san tèmi. Èyí, fítà. Èyí kò mọ nǹkan kan ṣe, wọ́n kàn fún un ní kọ́kọ́rọ́ géètì." Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ìbéèrè tó bi ẹ̀jẹ́ǹtì yẹn. Kò ṣàwàdà rárá.

Ọmọ náà wo fọ́tò, ó wo fóònù rẹ̀. Ó ní: "Bàbá, mo wá orúkọ ẹgbẹ́ yín lórí Google, kò sí níbẹ̀." Kò sọ ọ́ láti fi bú u. Ó kàn ń sọ ohun tó rí.

Kò sì sí níbẹ̀ lóòótọ́. Èmi náà ti wá a. Tí ẹ bá wá ẹni tó gba Governor's Cup ní 1945, ẹ ó rí i. Tí ẹ bá wá líìgì kékeré tí àwọn ilé iṣẹ́ ń gbá ní Apapa, ta ló gbá sí wọn, ta ló ṣe ipò kejì, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ìwé wọn wà nínú káńbọ́ọ̀dù ọ̀gá kan. Ilé iṣẹ́ kógbá sílé, wọ́n ju káńbọ́ọ̀dù síta. Ọdún 6 tí èèyàn fi gbá bọ́ọ̀lù kù sí fọ́tò kan àti orúnkún kan tó máa ń dùn ún tí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí: wọn kò tíì san owó tó kù. ₦150,000 kò tíì padà, ẹ̀jẹ́ǹtì náà kì í gbé ìpè mọ́ láti ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Ọmọ náà ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kì í yà kí Bàbá mọ́. Ó ní Bàbá ló ba ọ̀nà òun jẹ́. Bàbá ní kó máa bínú, ìbínú kì í ṣẹ́ ẹsẹ̀.

Mo ti ya fọ́tò náà sórí fóònù mi. Bàbá ti bá mi kọ àwọn orúkọ tó rántí sẹ́yìn rẹ̀, 11 nínú 14. N kò ní gbé e síbí, nítorí n kò tíì rí ìdílé wọn bi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, tí bàbá yín tàbí bùrọ̀dá yín bá gbá bọ́ọ̀lù fún ilé iṣẹ́ nígbà kan rí, báńkì ni o, Railway ni o, ilé bíà ni o, ẹ lọ bi wọ́n lálẹ́ òní kí wọ́n tó sùn. Ẹ wá sọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí: ìlú wo, ọdún wo, ta ni wọ́n ń bá gbá. Ẹ bá mi kọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ náà sí i.